Ìrora Ìbàdí Nínú Oyún: Èwo Ni Kí Aboyún Tó Fẹ́ Bímọ Lójú Ara Yàn?

Ẹ̀yìn ríro nínú oyún, kò sí ẹni tí kò gbọ́ ọ rí. Ti ìrora ìbàdí yìí yàtọ̀. Ó lè jẹ́ egungun tó wà lókè ojú ara gan-an ni á máa ta aboyún, ó lè jẹ́ ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn lápá kan tàbí lápá méjèèjì, ó sì lè sọ̀ kalẹ̀ wá sí itan àti abẹ́. Èèyàn á fẹ́ yí ẹ̀gbẹ́ padà lóru, igbe rẹ̀ á jí gbogbo ilé. Á fẹ́ gbé ẹsẹ̀ kan wọ pátá, á di ògiri mú. Bó bá ń rìn, egungun lè máa ró kẹ́kẹ́. Bó bá dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, á kọ́kọ́ dúró wo òkè ná.

Kì í ṣe ohun tó ṣọ̀wọ́n. Royal College of Obstetricians and Gynaecologists, ẹgbẹ́ àwọn dókítà agbẹ̀bí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sọ pé nǹkan bí ẹnì kan nínú aboyún márùn-ún ló ń ṣe. Kì í pa ọmọ inú lára. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó ń ṣe ló sì ń bímọ lójú ara. Síbẹ̀, ẹni tí kò lè ya ẹsẹ̀ kó fi wọ mọ́tò, tó sì ń retí ọjọ́ ìkúnlẹ̀, kò lè ṣàì bi ara rẹ̀ pé báwo ni òun á ṣe ṣe é. Ìgbà yẹn ni ìmọ̀ràn á wá máa rọ́ wọlé: ra bẹ́líìtì, lo oògùn, lọ rí onífisiọtẹ́rápì, ẹni tó ń fi ọwọ́ àti eré ìdárayá tọ́jú oríkèé àti iṣan, sọ fún wọn kí wọ́n kúkú ṣiṣẹ́ abẹ. Gbogbo rẹ̀ kọ́ ló wà fún gbogbo èèyàn, díẹ̀ níbẹ̀ ló sì ń bá èèyàn dé yàrá ìrọbí.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ awọ

Oríkèé mẹ́ta ló so egungun ìbàdí pọ̀: ọ̀kan níwájú, méjì lẹ́yìn, lápá ọ̀tún àti lápá òsì egungun ìdí. Nínú oyún, họ́mọ́ònù kan tó ń jẹ́ relaxin máa ń mú kí àwọn iṣan tó de oríkèé wọ̀nyí rọ̀, kí ọ̀nà lè gba ọmọ. Àlàfo oríkèé iwájú, tí kì í ju nǹkan bíi mìlímítà 4 sí 5 lọ lára ẹni tí kò lóyún, á fi mìlímítà 2 sí 3 fẹ̀ sí i. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Wàhálà máa ń dé nígbà tí oríkèé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò bá rìn pọ̀ mọ́, bí ẹni mẹ́ta tó jọ gbé ẹrù kan, tí ọ̀kan ń sáré, tí èkejì ń fà sẹ́yìn. Ẹni tí kò tiẹ̀ ṣe nǹkan kan ni ọrùn á wá máa dùn jù. Ìdí nìyẹn tí fífẹ̀ àlàfo náà nìkan kò fi lè sọ bí ìrora ṣe máa pọ̀ tó. Àlàfo ẹlòmíì á fẹ̀, kò ní mọ nǹkan kan lára. Ti ẹlòmíì kò fẹ̀ rárá, á sì máa tiro. Bó bá ti wá ju mìlímítà 10 lọ, oríkèé ti ya nìyẹn, ọ̀rọ̀ ti di ti dókítà.

Kí ẹ tó yan ohunkóhun, ẹ rí i dájú pé ìrora oríkèé ni lóòótọ́. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń jáde lójú ara, bí omi bá dà, bí ikùn bá ń sún kì tó sì ń tú, tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ léraléra nígbà tí oyún kò tíì pé ọ̀sẹ̀ 37, bí ìtọ̀ bá ń ta yín tí ibà sì wà lára, bí ọmọ kò bá yí bó ṣe máa ń yí mọ́, ẹ má ka èyí tó kù, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ. Bákan náà ni bí ẹsẹ̀ kan bá wú ju ìkejì lọ tó sì ń dùn yín, nítorí ẹ̀jẹ̀ lè ti dì síbẹ̀. Bí abẹ́ bá kú tí ẹ kò mọ ìfọwọ́kàn mọ́, tàbí tí ẹ kò lè mú ìtọ̀ àti ìgbẹ́ dúró, ọ̀rọ̀ pàjáwìrì ni.

Ohun tí màá fi wọ̀n wọ́n

Owó àti àkókò wà níbẹ̀, nítorí ohun tó dára tí apá ẹni kò ká kò wúlò. Ìdánilójú náà wà níbẹ̀: ṣé wọ́n ti dán an wò lára ọ̀pọ̀ aboyún, àbí ẹnu lásán ni? Ààbò ọmọ inú kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fún ní ìwọ̀n tó pọ̀ jù ni èyí: ṣé ohun tí ẹ yàn lónìí á ṣì wúlò nígbà tí ọbí bá mú yín? Àwọn ìtọ́jú kan á ká ìrora alẹ́ òní kò, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn mìíràn á kọ́ ara ní ohun tí á lò lọ́jọ́ náà. Ẹni tó bá fẹ́ bímọ lójú ara gbọ́dọ̀ ní ó kéré tán ọ̀kan nínú àwọn kejì yìí.

Títún bí ẹ ṣe ń rìn àti bí ẹ ṣe ń sùn ṣe

Òun ni kò náni ní nǹkan kan, òun náà ni àwọn èèyàn sì máa ń fojú tẹ́ńbẹ́lú jù. Bó ṣe rọrùn ló ń ṣe é.

Ẹ wo bí èèyàn ṣe ń yí lórí ibùsùn. Ọ̀pọ̀ á kọ́kọ́ ju ẹsẹ̀ òkè sọ́hùn-ún, ìbàdí á wá fà tẹ̀lé e, ibẹ̀ sì ni oríkèé iwájú á ti ta wọ́n. Bó ṣe yẹ kó rí nìyí. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ dùbúlẹ̀, kí ìrọ̀rí wà láàárín eékún méjèèjì, kó gùn dé ọrùn ẹsẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ yí, ẹ ká eékún sókè díẹ̀, kí ẹ pa wọ́n pọ̀ mọ́ ìrọ̀rí náà kó má lè yọ. Ẹ mí síta. Ẹ fa iṣan abẹ́ sókè bí ẹni tó ń mú ìtọ̀ dúró, kí èjìká, ìbàdí àti eékún wá jọ yí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láìjẹ́ pé ọ̀kan ṣáájú ìkejì. Bí ẹ bá fẹ́ dìde, ẹsẹ̀ méjèèjì ni kó jọ sọ̀ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, kí ẹ sì fi apá ti ara yín sókè. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ á dà bí àṣejù. Tó bá yá, ẹ ò ní mọ̀ pé ẹ ń ṣe é mọ́.

Ìlànà kan náà ló wà nídìí gbogbo èyí tó kù: kí ẹsẹ̀ méjèèjì máa jọ rìn, kí ẹ má fi ẹsẹ̀ kan dúró. Ẹ jókòó wọ pátá àti ṣòkòtò. Bí ẹ bá fẹ́ wọ mọ́tò, ìdí ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé lé àga, kí ẹ wá yí ẹsẹ̀ méjèèjì wọlé pọ̀. Ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ bá tẹ́ sórí àga á jẹ́ kí ó yọ̀ wẹ́rẹ́. Lórí àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ tí kò dùn yín ni kó kọ́kọ́ gòkè, èyí tó ń dùn ni kó kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀, ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ má gbé ọmọ sí ìbàdí kan. Ẹ má ti ẹrù wúwo. Ẹ dín ìgbésẹ̀ kù bí ẹ bá ń rìn, kí ẹ wọ bàtà pẹlẹbẹ tó di ẹsẹ̀ mú. Ẹ máa sinmi láàárín iṣẹ́, àmọ́ kí ẹ má dùbúlẹ̀ láti àárọ̀ dé alẹ́: iṣan tí a kò lò máa ń dẹ̀, iṣan tó bá sì dẹ̀ kò lè di oríkèé mú.

Àléébù rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé kì í ṣe aboyún nìkan ló máa ṣe é. Bí kò bá sí ẹni tó máa gba iṣẹ́ ilé lọ́wọ́ rẹ̀, bí iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ bá sì jẹ́ ti ìdúró tàbí ti gbígbé ẹrù, ìmọ̀ràn yìí á wulẹ̀ máa bí i nínú ni. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíì yẹ kó sọ̀rọ̀ ní kíá, kó gba ìwé lọ́wọ́ dókítà bó bá gbà bẹ́ẹ̀.

Fisiọtẹ́rápì

Bí ẹ bá ní kí n mú ọ̀kan ṣoṣo, òun ni màá mú. Onífisiọtẹ́rápì tó mọ iṣẹ́ á wo bí ẹ ṣe ń rìn, bí ẹ ṣe ń dúró, á fọwọ́ wá oríkèé tó le jù àti èyí tó ń yọ̀ jù, nítorí kì í ṣe ibi tó ń dùn ni àìsàn náà máa ń wà nígbà gbogbo. Á lè fi ọwọ́ tú oríkèé tó le sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Á wá fún yín ní eré ìdárayá tó máa fún iṣan abẹ́, iṣan ìsàlẹ̀ ikùn, ẹ̀yìn àti ìdí lókun. Níbi tí adágún ìwẹ̀ bá wà, wọ́n lè ní kí ẹ ṣe é nínú omi, nítorí omi máa ń gbé ìwúwo kúrò lórí ìbàdí. Lílúwẹ̀ fúnra rẹ̀ dára, àyàfi irú èyí tí wọ́n ti máa ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì tapá bíi ti ọ̀pọ̀lọ́. Ìyẹn á fẹ oríkèé iwájú.

Ṣé ó dáni lójú? Ní 2015, Cochrane, àjọ tó ń yẹ ìwádìí ìṣègùn wò, kó ìwádìí 34 jọ, lórí aboyún 5,121. Ohun tí wọ́n rí ni pé eré ìdárayá lè dín ẹ̀yìn ríro kù. Lórí ìrora ìbàdí nìkan, ẹ̀rí rẹ̀ kò lágbára tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwádìí kan wà tí wọ́n ṣe ní Göteborg ní orílẹ̀-èdè Sweden, tó jáde ní 2005, tó jẹ́ pé ìrora ìbàdí gan-an ló dá lé. Aboyún 386 ni wọ́n pín sí ọ̀nà mẹ́ta. Gbogbo wọn gba ìmọ̀ràn, bẹ́líìtì àti eré ìdárayá fún ilé. Wọ́n fi eré ìdárayá pàtàkì tó ń fún iṣan ìbàdí lókun kún ti ẹgbẹ́ kan, wọ́n sì fi ìtọ́jú abẹ́rẹ́ tínínrín, tí wọ́n ń pè ní acupuncture, kún ti ẹgbẹ́ mìíràn. Ìrora àwọn ẹgbẹ́ méjèèjì tí wọ́n fi nǹkan kún tiwọn lọ sílẹ̀ ju ti àwọn tí wọn kò fi nǹkan kún tiwọn lọ.

Owó ni ìṣòro, àti ìrìn àjò dé ibẹ̀ nígbà tí ìrìn gan-an ló ń dùn yín. Ìṣòro kejì tún wà tí kò sẹ́ni tó ń fẹ́ gbọ́: eré ìdárayá tí ẹ ṣe níwájú onífisiọtẹ́rápì kò tó. Èyí tí ẹ bá ń ṣe nílé lójoojúmọ́ ló ń ṣiṣẹ́. Ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ó ti tọ́jú aboyún rí, nítorí ẹni tó mọ orúnkún àgbábọ́ọ̀lù dunjú lè má mọ ìbàdí aboyún. Ẹ sì lọ ní kíá. Ẹni tó bá dúró di oṣù kẹsàn-án ti pàdánù ìdá tó pọ̀ jù nínú èrè rẹ̀.

Ohun tó mú kí n gbé e ga ju àwọn yòókù lọ ni pé ó wúlò nínú ìrọbí tààrà. Aboyún á ti mọ irú ìdúró tó gba ara rẹ̀, á ti mọ bí wọ́n ṣe ń tú iṣan abẹ́ sílẹ̀ bó ṣe mọ bí wọ́n ṣe ń fà á, onífisiọtẹ́rápì sì lè kọ̀wé sí agbẹ̀bí rẹ̀.

Bẹ́líìtì ìbàdí àti ọ̀pá ìtilẹ̀

Bẹ́líìtì kì í wọ́n bíi ìtọ́jú tó ń gba ọ̀pọ̀ ìpàdé, ìrọ̀rùn rẹ̀ sì máa ń tètè dé: ẹlòmíì á dè é, á rìn, á rẹ́rìn-ín. Ẹlòmíì á dè é, kò ní rí ìyàtọ̀ kankan. Bí ẹ̀rí rẹ̀ ṣe rí náà nìyẹn, ìwádìí kan á gbè é, òmíràn kò ní gbè é. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni dídè é mọ́ ikùn. Abẹ́ ikùn ni kó wà, kó yí egungun ìbàdí ká, kó fún débi tí á fi di egungun mú láìjẹ́ pé ó ń dí èémí lọ́wọ́. Ìgbà tí ẹ bá fẹ́ rìn tàbí dúró pẹ́ ni kí ẹ lò ó. Kí ẹ tú u bí ẹ bá jókòó, bí ẹ bá sùn. Bí ẹ bá ń dè é láti òwúrọ̀ dé òru, iṣan yín á fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún un. Bó bá sì ń mú kí ìrora pọ̀ sí i, ẹ bọ́ ọ sọ́hùn-ún, kì í ṣe tipátipá.

Ọ̀pá ìtilẹ̀ wà fún ẹni tí ìrìn inú ilé ti di ìṣòro. Ojú máa ń ti àwọn aboyún láti lò ó. Ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín. Ẹni tó bá ṣubú nítorí ojú tì í ti ṣe ara rẹ̀ àti ọmọ ní ibi.

Àtọ̀pá àtibẹ́líìtì, kò sí èyí tó máa bá yín wọ inú ìrọbí lọ. Ohun ìrànwọ́ ni wọ́n. Kí wọ́n gba yín láyè láti ṣe eré ìdárayá ni ẹ ṣe rà wọ́n.

Oògùn, ooru àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́

Paracetamol ni oògùn ìrora tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ fún aboyún. Oníwóro mílígíráàmù 500, ẹyọ kan tàbí méjì lẹ́ẹ̀kan, kí wákàtí mẹ́rin ó kéré tán wà láàárín, kó má sì ju ẹyọ mẹ́jọ lọ nínú wákàtí 24. Ẹ lo ìwọ̀nba tó bá ká a, fún ìwọ̀nba ọjọ́ tó bá gbà. Bí ẹ kò bá wúwo tó kílò 50, tàbí tí ẹ̀dọ̀ yín kò dá, ẹ kọ́kọ́ béèrè. Ẹ tún wo ẹ̀yìn páálí oògùn òtútù tí ẹ ń lò, nítorí paracetamol máa ń fara pamọ́ sínú ọ̀pọ̀ wọn.

Ibuprofen àti diclofenac kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹ̀. Ní 2020, FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, kìlọ̀ pé láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 20 oyún lọ, irú oògùn bẹ́ẹ̀ lè kó bá kíndìnrín ọmọ inú, kí omi tó yí ọmọ ká sì dín kù. Ẹ má rò pé èyí tí wọ́n ń fi pa ara kò kan ọ̀rọ̀ náà. Ẹ béèrè kí ẹ tó fi pa á. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ dókítà ló ní kí ẹ máa lo aspirin kékeré nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru, ìyẹn yàtọ̀, ẹ má dá a dúró fúnra yín. Àwọn oògùn tó le bíi tramadol àti codeine, dókítà nìkan ló lè ní kí ẹ lò ó, nítorí wọ́n lè dé ara ọmọ.

Wíwẹ̀ nínú omi tó lọ́ wọ́ọ́wọ́, tàbí gbígbé ohun gbígbóná tí a fi aṣọ wé lé ẹ̀yìn, máa ń tu iṣan tó ti le nítorí ìrora. Kó má gbóná jù. Gbogbo wọn dára fún òru tí oorun kọ̀. Kò sí ọ̀kan tó ń tún oríkèé ṣe, mo sì máa ń bẹ̀rù ẹni tó lo oògùn tán, tí kò mọ ìrora mọ́, tó wá bẹ́ dìde lọ tún gbogbo ilé tò.

Abẹ́rẹ́ tínínrín àti fífọwọ́ra ara

Ìtọ́jú abẹ́rẹ́ tínínrín tó ti ilẹ̀ Ṣáínà wá kì í ṣe àròsọ. Nínú ìwádìí Sweden tí mo mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan, òun ló tiẹ̀ borí eré ìdárayá nínú ìrora ìrọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn olùwádìí ibẹ̀ tún padà ṣe òmíràn tó jáde ní 2008, lórí aboyún 115, wọ́n fi abẹ́rẹ́ tó ń gúnni wé èyí tí kò wọlé sára rárá. Ìrora àwọn méjèèjì lọ sílẹ̀ bákan náà. Ibi iṣẹ́ òòjọ́ ṣíṣe ni àwọn tí wọ́n gún lóòótọ́ ti sàn jù. Èyí tó fi hàn pé ìsinmi, àfiyèsí àti ìgbàgbọ́ wà lára ohun tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Bí owó bá wà, tí ẹ sì rí ẹni tó gba ìwé àṣẹ tó mọ ọ̀nà ara aboyún, ẹ lè fi kún fisiọtẹ́rápì. Èmi ò ní fi rọ́pò rẹ̀.

Fífọwọ́ra ara ẹ̀yìn àti ìdí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ náà dára. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ fa ẹsẹ̀ yín yàgàdà kí egungun lè padà sí ipò rẹ̀, tàbí tó fẹ́ tẹ ikùn, ẹ dìde níwájú rẹ̀.

Nígbà tí ọbí bá mú yín

Ọmọ kò nílò kí eékún ìyá rẹ̀ ya gbàgàdà kó tó jáde. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú nìyí.

Bí oyún bá ti tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 36, ẹ wá téèpù tí àwọn télọ̀ fi ń wọn aṣọ, kí ẹ sì ní ẹnì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Ẹ fẹ̀yìn ti ìrọ̀rí lórí ibùsùn, ẹ ká eékún, kí àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì tẹ́ sílẹ̀. Ẹ máa ya eékún méjèèjì kúrò lára ara wọn díẹ̀díẹ̀, ní ọgbọọgba. Ibi tí ìrora bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ dúró. Kí onítọ̀hún wọn àlàfo tó wà láàárín eékún kan sí ìkejì. Ẹ tún un wọ̀n nígbà tí ẹ bá fi ọwọ́ àti eékún dúró bí ẹni tó ń rákòrò, nítorí ó lè yàtọ̀. Ẹ kọ iye méjèèjì sínú ìwé tí ẹ kọ bí ẹ ṣe fẹ́ kí ìbímọ yín lọ, ẹ sọ ọ́ fún agbẹ̀bí, ẹ sì sọ ọ́ fún ẹni tó máa wà pẹ̀lú yín, torí pé òun ló máa rántí nígbà tí ìrora bá ti gba ọkàn yín. Kìkì pàjáwìrì tó kan ẹ̀mí ọmọ ló lè mú kí wọ́n kọjá ìwọ̀n yẹn.

Nínú àwọn ìdúró, fífi ọwọ́ àti eékún dúró, tàbí kíkúnlẹ̀ kí ẹ sì fara ti ẹ̀yìn ibùsùn, ló ń gba ọ̀pọ̀ lára, nítorí ìwúwo ọmọ kò sí lórí egungun ìdí mọ́. Kò ná yín ní nǹkan kan; eékún àti ọrùn ọwọ́ ló máa ń rẹ̀. Fífi ẹ̀gbẹ́ dùbúlẹ̀, kí ẹnì kan bá yín gbé ẹsẹ̀ òkè, dára fún ẹni tó ti rẹ̀, agbẹ̀bí sì lè yẹ̀ yín wò ní ìdúró yẹn láìjẹ́ pé ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀. Èyí tó burú jù fún oríkèé ni fífẹ̀yìn lélẹ̀ kí wọ́n kọ́ ẹsẹ̀ sókè sórí irin. Nígbà mìíràn kò sí ọgbọ́n míì, bíi tí wọ́n bá fẹ́ rán ojú ara tó ya tàbí fi ẹ̀rọ fa ọmọ. Kí ẹsẹ̀ méjèèjì jọ gòkè, kí wọ́n jọ sọ̀ kalẹ̀, kó má sì pẹ́. Bákan náà, ẹ má gbé àtẹ́lẹsẹ̀ lé ìbàdí àwọn agbẹ̀bí láti fi tiraka. Ó ń fa oríkèé iwájú ya.

Bíbí nínú omi wà fún ẹni tí oyún rẹ̀ kò ní ewu mìíràn, tí ọmọ kan ṣoṣo wà nínú rẹ̀, tó dorí kodò, tó sì ti pé ọ̀sẹ̀ 37. Omi á gbé ara, yíyí padà á rọrùn. Ohun kan ni kí ẹ béèrè kí ọjọ́ tó pé: báwo ni wọ́n ṣe ń wọ inú adágún náà? Bó bá jẹ́ pé ẹ gbọ́dọ̀ gbé ẹsẹ̀ kan ré ògiri rẹ̀ kọjá, ohun tí ẹ ń sá fún gan-an lẹ óò bá lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ béèrè àtẹ̀gùn.

Abẹ́rẹ́ epidural tí wọ́n ń gún sí ẹ̀yìn ló ń pa ìrora jù lọ, kò sì ní kí ẹ má bímọ lójú ara. Ewu rẹ̀ fún wa ni pé ìrora tó máa ń sọ fún yín pé ẹsẹ̀ ti ya jù á ti sùn. Ẹni tó bá yàn án gbọ́dọ̀ fi ìwọ̀n eékún lé ẹlòmíì lọ́wọ́.

Kí wọ́n kúkú ṣiṣẹ́ abẹ ńkọ́?

Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ẹgbẹ́ dókítà tí mo mẹ́nu bà níbẹ̀rẹ̀ sọ ọ́ gbangba pé kò sí ẹ̀rí pé iṣẹ́ abẹ ń ran ìrora ìbàdí lọ́wọ́, ó tiẹ̀ lè mú kí ara pẹ́ kó tó padà bọ̀ sípò. Ìyá á wá ní ojú abẹ níkùn, ìrora ìbàdí tí kò tíì lọ, àti ìkókó tó ń ké. Oyún mìíràn lọ́jọ́ iwájú náà á ní ewu tirẹ̀, pàápàá bí ibi ọmọ bá lọ so mọ́ ojú àpá náà. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí wọ́n fi oògùn mú ìrọbí wá kí ọjọ́ tó pé. Wọn kì í sábà gbà á nítorí ìrora yìí nìkan.

Bí ìdí mìíràn bá wà, bíi kí ibi ọmọ dí ọ̀nà, ẹ gbà fún dókítà láìjanpata. Ẹni tí ìrora rẹ̀ le débi pé kò lè ya eékún rárá lẹ́yìn tó ti gba ìtọ́jú náà lẹ́tọ̀ọ́ láti jókòó pẹ̀lú dókítà àgbà, kí wọ́n wo ti ara tirẹ̀. Ẹ̀rù nìkan ni kò yẹ kó fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ abẹ.

Ta ni kó yan èwo?

Bí ó bá jẹ́ pé ìgbà tí ẹ bá ń yí lórí ibùsùn tàbí tí ẹ bá ń gun àtẹ̀gùn nìkan ló ń dùn yín, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí bí ẹ ṣe ń rìn àti bí ẹ ṣe ń sùn. Bí kò bá sàn láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ lọ sí fisiọtẹ́rápì.

Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ti ìdúró, tí kò sì lè fi í sílẹ̀, kó fi bẹ́líìtì kún fisiọtẹ́rápì. Ẹni tí owó kò sí lọ́wọ́ rẹ̀, kó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo péré lọ́dọ̀ onífisiọtẹ́rápì, kó gba eré ìdárayá tó máa ṣe nílé; ìpàdé kan tí a lò dáadáa ju bẹ́líìtì mẹ́ta lọ. Ẹni tí oorun rẹ̀ ti bàjẹ́ kó fi paracetamol àti ooru ra oorun díẹ̀, ṣùgbọ́n kó má dúró síbẹ̀.

Ẹni tó ti ń fi ọ̀pá rìn kó má ṣe dá ìpinnu ọjọ́ ìkúnlẹ̀ ṣe. Kó pe agbẹ̀bí, onífisiọtẹ́rápì àti dókítà sí i, kó sì yan ìdúró ẹ̀gbẹ́ tàbí ti ọwọ́ àti eékún ṣáájú. Ẹni tó mọ̀ pé òun á gba epidural kó wá ẹni tí á máa ṣọ́ ẹsẹ̀ òun.

Ní ti ẹni tó ti bímọ tán tí ìrora kò sì lọ, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́wàá ló máa ń rí bẹ́ẹ̀. Kó padà sí fisiọtẹ́rápì, kó má kà á sí ohun tí ọmọ títọ́ máa ń fà. Bó bá sì tún lóyún, ó ṣeé ṣe kó tún wáyé, nítorí náà kó lọ rí wọn láti oṣù àkọ́kọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún.